Ìwúre Fún Ọwọ́ Tí Kò Ní Ta Ẹ̀jẹ̀ Sílẹ̀

Ẹlẹ́dàá wa, Ọba tó ni Mowé, tó ni Ìbàfò, tó ni Ìfọ̀, tó sì ni gbogbo ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá tọ̀sán-tòru, a dé ọ̀dọ̀ Rẹ. Ẹni tó ń pè Ọ́ ní Olódùmarè wà láàrin wa, ẹni tó ń pè Ọ́ ní Allah wà níbẹ̀, ẹni tó ń pè Ọ́ ní Jèhófà kò sì kéré. Orúkọ lè yàtọ̀, ìbẹ̀rù ikú òjijì ti pa wá pọ̀. Ohùn kan ni a fi ń bẹ̀ Ọ́: má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ wa ta ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta tiwa. Bí ó bá sì di kànńpá kí ẹnìkan nínú wa gbé ohun ìjà láti gba ẹ̀mí là, kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ibi tí yóò ti dúró.

Àdúrà tó rọrùn ni kí a ní kí ìwà ipá má dé ọ̀dọ̀ wa, kí a ṣe àmín, kí a sì dìde. Èyí tí a gbé wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí O mọ ibi tí à ń gbé. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni, oko sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni wọ́n ń gbìn lẹ́yìn Mowé kí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó la ibẹ̀ kọjá láàrin ọdún 1970 sí 1980, kí owó ilé ní Èkó tó lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé wá síbí. Ìfọ̀ ní tirẹ̀ ti mọ àlejò tipẹ́tipẹ́, láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró níbẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Ènìyàn kọ́lé sí ibi tí kò mọ aládùúgbò, ojú títì kò ní iná, àgọ́ ọlọ́pàá sì jìnnà. Ìwọ nìkan lo mọ iye ilé tí ajá ti gbó láago méjì òru, tí baba ilé na ọwọ́ sí àdá tó wà lábẹ́ ibùsùn, tí ìyá àwọn ọmọ fi ọwọ́ bo èyí tó kéré jù lẹ́nu kí ó má baà sunkún. Ní wákàtí yẹn, bóyá ó tọ́ kí ènìyàn pa ènìyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé mọ́. Ọwọ́ ni yóò dáhùn.

Nítorí náà, baba ilé, ìwọ tí ọwọ́ rẹ wà lórí àdá, mo wúre fún ọ. Kí ó jẹ́ pé ológbò ló ti abọ́ ṣubú. Kí ó jẹ́ pé ọmọ aládùúgbò ló pẹ́ dé, tó sì ń wá ẹni tí yóò ṣí géètì fún òun. Bí ó bá jẹ́ olè, kí ariwo rẹ lé e, kí ó fi ẹrù sílẹ̀ kí ó sá lọ. Jẹ́ kí ó máa lọ, má bá a dé oríta. Bí ó bá kọ̀ tí kò lọ, bí ó bá gbé ìbọn sí orí ọmọ rẹ, kí Ọlọ́run fún ọ lágbára láti gba ọmọ rẹ, kí Ó má sì kà á sí ọ lọ́rùn. Òfin ilẹ̀ yìí pàápàá kò kà á sí ọ lọ́rùn. Abala 33 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó lo agbára ní ìwọ̀n tó yẹ láti gba ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe wọ́n níjàǹbá. Ní ìwọ̀n tó yẹ. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o rántí ìwọ̀n náà nínú òkùnkùn, nígbà tí àyà bá ń lù kìkì, tí ojú kò sì ríran. Àṣẹ.

O rí wa ní Oṣù Kẹrin ọdún 2020. Wọ́n ti ti Èkó àti Ìpínlẹ̀ Ògùn pa nítorí àrùn Kòrónà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ kò rí iṣẹ́ ṣe, ebi ń pa ilé. Ìròyìn ń fò láti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn pé àwọn ọmọ ìta tí wọ́n ń pè ní One Million Boys àti àwọn Awawa ń bọ̀ wá kó àdúgbò. Láti Agége dé Alágbàdo, láti Sàngó dé Ìfọ̀, ọkùnrin kò sùn mọ́. Táyà ń jó ní oríta, àdá ń kọ mànà nínú iná, ọmọdékùnrin dúró pẹ̀lú irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ baba rẹ̀. A kò bẹ̀ Ọ́ pé kí O dárí jì wá nítorí pé a ṣọ́ ilé wa. Ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀ kì í ṣe apànìyàn. Ohun tí mo fi ń dúpẹ́ títí di òní ni ti ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lóun nìkan, bóyá nọ́ọ̀sì, bóyá gáàdì, tí wọ́n ní kó dúró, tí jìnnìjìnnì bò ó, tí kò lè dárúkọ báálẹ̀ àdúgbò tí wọ́n bi í. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní àwọn òru wọ̀nyẹn. Èyí tó délé nínú wọn, Ìwọ lo mú un délé. Ẹ̀rù ti sọ gbogbo wa di adájọ́, bí àlejò bá sì ṣe sọ̀rọ̀ ni a fi ń dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an nìyí, Olúwa, mo sì bẹ̀ Ọ́ kí O jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀. Wọ́n mú olè. Wọ́n ti gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti bọ́ aṣọ lára rẹ̀, wọ́n ti fi okùn dè é lọ́wọ́ sẹ́yìn, ó jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó jà lólè, ẹ̀jẹ̀ ń kán nímú rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Kò lè gún ẹnikẹ́ni mọ́. Kò lè sá mọ́. Níbẹ̀ gan-an ni ẹnìkan yóò ti pariwo pé kí wọ́n gbé táyà wá, tí ọlọ́kadà kan yóò máa tú bẹntiróòlù sínú ọ̀rá, tí ọmọ iléèwé yóò gbé fóònù sókè. Bí okùn bá ti wọ ọwọ́ ènìyàn, ìjà ti parí. Ohun tí a bá ṣe fún un lẹ́yìn okùn kì í ṣe ààbò, kì í ṣe ìdájọ́, ìpànìyàn ni, ì báà jẹ́ pé igba ènìyàn ló pín in ṣe. Igba ọwọ́ kò sọ ọ́ di kékeré. Ìwọ tí O fi àmì sí Káínì lára kí ẹni tó bá rí i má baà pa á, Káínì tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù fún ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ̀, fi àmì náà sí gbogbo ẹni tí a bá ti dè mọ́lẹ̀ ní Ìbàfò, ní Mowé, ní Ìfọ̀. Jẹ́ kí ojú wa rí i. Àṣẹ.

Mo mọ ohun tí àwọn ará wa ń sọ, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ìkà ló ń mú wọn sọ ọ́. Wọ́n ní bí a bá fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, kó tó di ọjọ́ kẹta yóò ti padà sí àdúgbò, yóò máa wo ojú ẹni tó mú un lọ. Wọ́n ní owó ni yóò fi jáde. Ìyá kan tí wọ́n kó gbogbo ọjà àwìn rẹ̀ lọ lóru, tó ṣì ń san gbèsè ẹgbẹ́ àjọ lórí rẹ̀, kí ni ẹ fẹ́ kí ó ní sùúrù sí? Olúwa, ẹ̀dùn yìí jẹ́ òótọ́. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwàásù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àmọ́ agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn tó pé jọ sí oríta kì í tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó kọ́kọ́ ké “Olè!” ni ẹlẹ́rìí, òun náà ni agbẹjọ́rò, òun náà ni adájọ́. Bí ó bá jẹ́ nítorí gbèsè ló ṣe fẹ́ gbẹ̀san ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin ńkọ́?

O rí Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt, ní ọjọ́ 5 Oṣù Kẹwàá ọdún 2012, níbi tí wọ́n ti pe ọmọ yunifásítì mẹ́rin ní olè, tí wọ́n lù wọ́n tí wọ́n sì sun wọ́n, tí àwòrán rẹ̀ sì kárí ayé. Ní 2017 ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún mẹ́ta lára àwọn tó wà níbẹ̀, ọlọ́pàá kan sì wà nínú wọn. O rí Ìkòròdú, tí kò jìnnà sí wa, ní ọdún 2017 kan náà. Àwọn apànìyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ti fi ọlọ pa odidi ìdílé lójú oorun, ìlú gbaná jẹ, nínú iná náà ni wọ́n ti pa apanilẹ́rìn-ín kan tí kò mọ nǹkankan nípa Badoo. Àlejò ni ládùúgbò, ó sì jẹ́ òru. Ìyẹn nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Tẹ́ ìyá rẹ̀ nínú, Olúwa. Tẹ́ àwọn ìyá Aluu nínú. Àwọn tó sì ju òkúta tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn, tí wọ́n ti délé tí wọ́n ti jẹun alẹ́, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbàgbé títí wọn yóò fi ronú pìwà dà.

Ilé ẹjọ́ pàápàá, tó ní agbẹjọ́rò, tó ní àkọsílẹ̀, tó ń gbọ́ ẹjọ́ kan fún ọdún mélòó kan, máa ń dá ẹjọ́ tí ọkàn wa kì í balẹ̀ sí. Ní Òkúkù, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wọ́n mú ọmọkùnrin kan ní 2010, ọmọ ọdún 17. Ẹ̀sùn ìdigunjalè ni, adìyẹ àti ẹyin sì ni ohun tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Ní 2014 adájọ́ ní kí wọ́n so ó kọ́. Ọdún mẹ́wàá ló fi gbé lábẹ́ ìdájọ́ náà kí Gómìnà Ademola Adeleke tó dárí jì í ní Oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ká ní wọ́n ti so ó kọ́ ní 2015, ta ni Gómìnà ì bá dárí jì? Òfin wa gba ìjọba láyè láti pa ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2013 wọ́n so ọkùnrin mẹ́rin kọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú Benin. Èmi gbà pé ẹni tó wà nínú yàrá ẹ̀wọ̀n, tí ilẹ̀kùn irin mẹ́ta tì mọ́, ẹni tí a ti dè ni òun náà. Nítorí náà mo gbàdúrà pé kí gègé wúwo lọ́wọ́ gbogbo gómìnà tí wọ́n bá gbé ìwé ikú sí iwájú rẹ̀. Kí ilẹ̀ mọ́ kó má tíì fọwọ́ sí i. Kí ọdún yí po kó má tíì fọwọ́ sí i. Ìwọ tí O fi àyè sílẹ̀ fún ẹbí òkú láti yọ̀ǹda ẹ̀mí apànìyàn, fún wa ní àwọn aṣáájú tí yóò máa lo irú àyè bẹ́ẹ̀. Àmín.

Mo yíjú sí ẹ̀yin tí ẹ ń jà lórí ilẹ̀. Ọmọ onílẹ̀, ajagungbalẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń kó àwọn ọ̀dọ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí sáìtì pẹ̀lú ìbọn àti ìgò tó fọ́. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣòfin nítorí yín ní 2016: ẹni tó bá fipá gba ilẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 25 jura, bí ẹ̀mí bá sì ti ibẹ̀ lọ, ìdájọ́ ikú ni. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òfin náà rí yín mú, kí Ó má tilẹ̀ jẹ̀ẹ́ kí ẹ ṣe ohun tí yóò fi mú yín. Kí ẹ rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Kí ẹni tó ra ilẹ̀ gbé e. Kí ẹni tó tà á jẹ owó rẹ̀ pẹ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń torí rẹ̀ pànìyàn. Àwọn òṣìṣẹ́ NNPC mẹ́ta tí wọ́n lọ tún páìpù epo ṣe ní Arẹpo, nítòsí Ìbàfò, ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, tí àwọn tó ń jí epo fa pa wọ́n lẹ́nu iṣẹ́, kí ilẹ̀ dẹ̀ fún wọn. Kí ọmọ wọn má ráhùn.

Ẹlẹ́dàá, a kì í ṣe ìran tí kò mọ ogun. Ọjọ́ 3 Oṣù Kẹta ọdún 1851, ọmọ ogun Dàhòmì dé ẹnu odi Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin ajagun wà lára wọn, wọ́n wá kó ènìyàn lẹ́rú. Àwọn baba wa jáde sí wọn, wọ́n sì pa púpọ̀ nínú wọn. Ní 1864 wọ́n tún wá, wọ́n tún lé wọn padà. Ẹfúnróyè Tinúbú wà lára àwọn tó gbárùkù ti ìlú lọ́jọ́ náà. Bí wọn kò bá jà, mélòó nínú àwa tó ń gbàdúrà yìí ni à bá bí? N kò lè dúró níwájú Rẹ kí n pe ìjà yẹn ní ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n O tún rí Ogun Àdùbí ní 1918. Owó orí tuntun àti iṣẹ́ àfipáṣe ti sú àwọn ará oko Ẹ̀gbá, wọ́n dìde, wọ́n hú ojú irin, wọ́n gé wáyà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó sójà tì wọ́n, òkú sì sùn lọ bẹẹrẹ. Ìyà ń jẹ wọ́n lóòótọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìgboyà wọn. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní láti kọ owó orí kọ́ ni wọ́n lò nígbà tí wọ́n pa Òṣilẹ̀, ọba Òkè-Ọnà. Ìbínú tó tọ́ ló gbé wọn jáde nílé, òun kan náà ló gbé wọn kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n dúró. Odi kan ṣoṣo ló wà láàrin méjèèjì, ó kúrú, òru ni a sì sábà máa ń dé ìdí rẹ̀. Fi ọwọ́ Rẹ mọ odi náà sí àyà wa.

Àwọn àgbà wa mọ nǹkan kan tí a ti ń gbàgbé. Nígbà tí Ògbóni ń ṣe àkóso, bí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn bá kán sílẹ̀ nínú ìjà, wọn a gbé edan lọ síbẹ̀, àtẹni tó jẹ̀bi àtẹni tó jàre ni yóò sì mú ètùtù wá. Ilẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀, ilẹ̀ kì í bèèrè ta ló kọ́kọ́ nawọ́. Ẹni tó jàre kò gbọdọ̀ fi ìlù àti ijó lọ sílé. Ohun tí mo ń tọrọ fún ìran wa nìyí: bí òfin bá dá ènìyàn láre pé ó pànìyàn láti gba ẹ̀mí là, kí a gbà bẹ́ẹ̀, kí a má bá a yọ̀. Kí a má gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára pé akin ni. Kí a bá a jókòó.

Nítorí náà, omi tútù rèé, mo ta á sílẹ̀. Ilẹ̀ Mowé, rọ̀. Ilẹ̀ Ìbàfò, rọ̀. Ilẹ̀ Ìfọ̀, láti ọjà títí dé ìdí ojú irin, rọ̀. Oríta tí wọ́n ti sun ènìyàn rí, tí àwọn ọmọ ń gba orí eérú rẹ̀ lọ sí iléèwé láìmọ̀, gba omi.

Ìwọ ọdẹ, ìwọ Àmọ̀tẹ́kùn, ìwọ So-Safe, ìwọ sójà, ìwọ ọlọ́pàá tí iṣẹ́ rẹ lè mú ọ yìnbọn, kí ìbọn rẹ wọ́pọ̀ lórí èjìká ju lọ́wọ́ lọ. Bí o bá ti yìn ín rí, tí o kò lè sùn láti ọjọ́ náà, kì í ṣe àìlera ni, ẹ̀rí pé ènìyàn ṣì ni ọ́ ni. Kí oorun rẹ padà. Kí o rí àgbà tí yóò gbọ́ ọ láìsọ pé kí o fọkàn ọkùnrin gbé e. Bí o bá sì yìn ín níbi tí kò yẹ, kí o ní ìgboyà láti jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú adájọ́ ayé kí ti ọ̀run tó dé.

Olè pàápàá, mo wúre fún un. Má bínú sí mi, ìwọ tí wọ́n jà lólè. Kí ọwọ́ olè náà kúrò nídìí ọ̀bẹ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má mọ ilé wa, kí iṣẹ́ tó tọ́ rí i kí àdá ẹnìkan tó rí i. Kí ìyá rẹ̀ má gbọ́ ikú rẹ̀ lórí fóònù.

Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ìwọ tó ké pé “Ẹ má pa á, ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá dé!” nígbà tí gbogbo ọkùnrin ti gbé igi, tí wọ́n sì bi ọ́ bóyá ìwọ náà ń gba nínú owó olè, kí Ọlọ́run bù kún ọ. Kí ọjà rẹ tà. Kí ohùn rẹ má ha. Kí ẹlòmíràn gbè ọ́ lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, kí ó di ẹni méjì, kí ó di ẹni mẹ́wàá, kí ẹni tó gbé táyà wojú yíká, kí ó gbé e sílẹ̀.

Ẹ̀yin agbófinró àti ẹ̀yin adájọ́ ló kù tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, torí lọ́wọ́ yín ni àdúrà yìí yóò ti gbà tàbí kí ó má gbà. Kí epo wà nínú ọkọ̀ àgọ́ yín. Kí ẹni tí wọ́n bá pè lóru gbé fóònù. Kí ẹ má gba owó gègé àti owó ìwé lọ́wọ́ ẹni tó wá fẹjọ́ sùn, kí ó má baà wò ó pé táyà kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Kí àkọsílẹ̀ ẹjọ́ má sọnù lọ́nà Abẹ́òkúta. Kí adájọ́ jókòó lọ́jọ́ tó dá, kí ẹlẹ́rìí rí owó ọkọ̀ wá, kí olè tó jẹ̀bi ṣe ẹ̀wọ̀n rẹ̀ pé, kí aláìṣẹ̀ tó wà ní àtìmọ́lé padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ kí ọdún yìí tó parí. Àṣẹ. Àmín. Àmín, láṣẹ Èdùmàrè.